Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Ejò Pupa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí ọmọ mi ti jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí ni ara mi kò ti balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo nu tábìlì tí kò dọ̀tí, mo lọ dúró lójú fèrèsé bí ẹni tí ń retí àlejò. Ilẹ̀ pálọ̀ ni mo wá dùbúlẹ̀ sí kọ lẹ́tà yìí. Ṣé bí ó ṣe máa ń ṣe ẹ̀yin náà nìyí nígbà tí aṣọ oníbàárà bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ po, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, téèpù lọ́rùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: ejò ni mo ń yà ní fọ́tò báyìí. Ìyìn, ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kò rí, ń sin ọ̀kan nínú àpótí dígí nílé wa ní Canarsie, lókè òkun níbí. Ejò pupa tín-ín-rín ni, kò lóró, kò sì nípọn ju bẹ́líìtì tí a ká lọ. Mo jà títí ó fi rẹ̀ mí. Nílé lọ́hùn-ún, igi la fi ń kí ejò káàbọ̀; níbí, wọ́n ń ra oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà ní kí n bá òun yà á, mo gbé kámẹ́rà jáde, nítorí mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé wọ́n kọ́ bàbá òun ní fọ́tò yíyà ní pólì.

Àwọn fọ́tò àkọ́kọ́ kò dára. Mo dúró, mo ń wo ejò náà láti òkè, ó sì dà bí okùn tí ẹnì kan gbàgbé sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyìn wò wọ́n, ó sì fi Yorùbá rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sọ fún mi: “Dádì, ẹ ti jẹ́ kó kéré jù. Ẹ lọ sílẹ̀, plíìsì!”

Mo lọ sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lórí ikùn mi títí lẹ́ǹsì fi bá ojú ejò náà dọ́gba. Mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wọ ẹyinjú rẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀ níwájú imú rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni tí ó ní ibi tí ó ń lọ, mo sì dúró títí ó fi yọ ahọ́n. Ohun tí mo ń sá fún wá gba iyì nínú àwòrán. Inú mi dùn, àfi bí ọmọ náà ṣe bú sẹ́rìn-ín: “Háà, Dádì dọ̀bálẹ̀ fún ejò! Ṣé bí ẹ ṣe máa ń kí Gíránpà nìyẹn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tọ́ka sí àwòrán yín lára ògiri, ó béèrè ẹni tí ó yà á, tí ó jẹ́ kí ẹ kéré bẹ́ẹ̀. Mo ní onífọ́tò àdúgbò kan ni.

Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni méjèèjì. Ẹ fi ọwọ́ ara yín rán kóòtù àti ṣòkòtò tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ kúnlẹ̀, pẹ̀lú eékún tí ń dùn yín, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí ṣòkòtò náà kí ó má baà wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí mo ti ibi ayẹyẹ náà dé, àwọn ọ̀rẹ́ yín jókòó tì yín níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ orí ba díẹ̀, mo na ọwọ́ sí yín bí ẹgbẹ́ yín. Mo ní eruku pọ̀ nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá bí òyìnbó ṣe ń kí bàbá wọn nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ mú ìgbálẹ̀, ẹ gbá iwájú ẹsẹ̀ mi, ẹ padà jókòó, ẹ ń retí. Èmi gbé kámẹ́rà tí mo yá sójú, mo yà yín ní ìdúró, láti òkè, kí eékún ṣòkòtò mi má baà kan ilẹ̀.

Àwòrán yẹn nìkan ni mo ní. Ẹ gbé ojú sókè nínú rẹ̀ bí ẹni tí ń tọrọ nǹkan. Kí ni ẹ ń rò? Ṣé ẹ ti dárí jì mí kí n tó wọ bàálù? Nígbà tí wọ́n ń sin yín, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde; ilẹ̀ tí mo kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ sí bò yín lẹ́yìn mi.

Mo ti gbìyànjú láti tún àwòrán náà ṣe. Mo gé etí rẹ̀, mo fi ìmọ́lẹ̀ kún ojú yín, mo gbé e kọ́ sókè gan-an. Ibi tí onífọ́tò dúró sí kò ṣe é gé kúrò nínú fọ́tò.

Láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́ fún Ìyìn. Kò bá mi wí. Ó wo àwòrán yín pẹ́, ó sọ̀ yín kalẹ̀ láti orí ìṣó, ó gbé yín ti ìsàlẹ̀ ògiri. “Ó dáa, Dádì. Wọ́n ti wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ kí wọn.” Ó sì gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo ti wọ aṣọ iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú mi. Eruku wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá, àyà mi kan ilẹ̀, kámẹ́rà kò sí lọ́wọ́ mi. Láti ìsàlẹ̀ yìí ni mo tó rí i pé ìgbálẹ̀ náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Ó yẹ kí n ti wà lọ́nà ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ gbé. Àgbà ni yóò ní kí ó dìde. Ta ni yóò ní kí n dìde?

Pẹ̀lú ìfẹ́ tí ó pẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀,
Ọmọ yín.