Gbogbo Ẹlòmíràn Ni Màmá Ń Gbọ́

Fọláránmi ọmọ Ọláyọdé, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́rin, ọgbẹ́ náà ò tíì jiná.

Ó yẹ ká ròyìn ayọ̀ fún ọ, àmọ́ ayọ̀ náà ló ṣọ̀wọ́n. Bólúwatifẹ́ ọmọ rẹ ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan gìtá rẹ. Ilé tí o bẹ̀rẹ̀ ò tíì ní òrùlé. Àwọn ewúrẹ́ ló sọ ọ́ di tiwọn. Àwọn tí ẹ jọ ń kọ orin jáàsì ti tú ká.

Ta ló máa gbàgbé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀? Bàbá wa, tó ṣáájú rẹ lọ, ló ń kọ béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin, nínú ìjọ Áńgílíkà l'Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lo máa ń jókòó sí. Kí o tó mọ̀wé kà, o ti mọ ibi tí béèsì ń gbà. Nígbà tí ìjọ ra gìtá béèsì, ìwọ ni ò bà lẹ́rù. O gbé e dé Ìlọrin, ó dé Ìbàdàn, ó dé Èkó. Wọ́n ń kọ jùjú, o bá wọn ta gìtá sí i. Wọ́n ń kọ háílàìfù, o bá wọn ta gìtá sí i. Orin ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, jáàsì ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ kan náà. O máa ń sọ pé béèsì ni ẹsẹ̀ tí orin fi ń rìn.

Ọ̀rọ̀ Màmá wa ló dùn wá jù. Látìgbà tí a ti sin ọ́, nǹkan kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí òun tún gbọ́ gìtá rẹ. Adépéjú ìyàwó rẹ kó orin rẹ sórí fóònù kékeré fún un. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń gbé e sétí. Ó gbọ́ fèrè, ó gbọ́ dùùrù, ó gbọ́ ìlù. Gìtá tìrẹ nìkan ni kò gbọ́. A ṣàlàyé títí pé ẹnu fóònù kéré, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀. Màmá ní irọ́ ni, àwọn ará Èkó ló yọ ọmọ òun kúrò nínú orin.

Nítorí ìrántí ọdún yìí la ṣe ra sípíkà ńlá ní Ìlọrin. A tan jẹnẹrétọ̀, a yan orin ìjọ tí Bàbá kọ́ ọ, èyí tí o sọ di jáàsì. Béèsì rẹ jáde, àwo ń gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà náà, ó rẹ́rìn-ín. A rò pé ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ báyìí.

Orin tán. Màmá kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹ sọ fún un kó máa bọ̀ ní ulé."

Adépéjú lọ pa jẹnẹrétọ̀.

Fọláránmi, a ṣì fẹ́ràn rẹ. Àárò rẹ ń sọ wá, a ò sì rí oògùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́.