Orin Ojú-Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì
Ọkọ̀ funfun àwọn ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà tó ń ṣọ́ àgọ́ wa tún yí padà lẹ́nu afárá. Òdìkejì afárá ni igbó tí a ti ń ṣẹ́gi ìdáná. Ibẹ̀ ni àwọn oníbọn ti na Nyaruot lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ jókòó sínú ọkọ̀, tó ń wò láti ojú fèrèsé. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ — Ojú-Fèrèsé. A kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sùn léraléra. "A ó wò ó" ni èsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìyá Àgbà Nyadeng bínú sí mi. "Ẹ̀yin alákọ̀wé! Ta ní ń fi ìwé pe ojo lẹ́jọ́? Orin la fi ń pè é." Òótọ́ ni. Láàárín àwa ẹ̀yà Nuer, ọkùnrin tó bá sá lójú ìjà, àwọn obìnrin á sọ ọ́ dorin. Nyaruot ló dá ti Ojú-Fèrèsé — ara rẹ̀ ṣì wú, ẹnu rẹ̀ ò wú:

Akọ màlúù funfun tó ń bẹ̀rù ẹrẹ̀,
ìwo rẹ gùn, kí lo fi ń kàn?
Ìkookò dé, o ti fèrèsé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ràn orin náà! Wọn ò gbédè wa. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n ń súfèé rẹ̀. Ojú-Fèrèsé gan-an ní ká kọ́ òun. Nyaruot fi sùúrù kọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Igi tán. A fi àga mi dáná walwal, oúnjẹ ọkà bàbà wa. Orí ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ èyí.

Ọjọ́rú, 12
Àlejò dé láti olú-ilé iṣẹ́ wọn: ọ̀gágun, obìnrin. Ojú-Fèrèsé to àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n fi "orin ìbílẹ̀" kí i káàbọ̀. Orin wa! Ọ̀gágun ní kí Gatwech, ògbufọ̀, túmọ̀ rẹ̀. Gatwech wúkọ́ — "Ẹ má bínú, mà, ọ̀rọ̀ màlúù ni." "Màlúù wo?" ni ọ̀gágun bi í. Ìyá Àgbà pariwo látẹ̀yìn: "Gatwech, bó o bá purọ́, ìwọ lorin kàn!" Ó túmọ̀ rẹ̀ tán pátápátá. Kò sẹ́ni tó tún pàtẹ́wọ́. Ọ̀gágun bi Nyaruot bóyá òótọ́ ni. Nyaruot ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi egbò hàn. "Mo ń pè é, ó ń wò mí."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Ojú-Fèrèsé fúnra rẹ̀ wá, ojú ń tì í, ó sọ fún wa pé láti Ọjọ́ Ajé, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á bá àwọn obìnrin wọgbó. Ìyá Àgbà bu walwal fún un. "Jẹ ẹ́ yó, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ lo máa fi rìn, kì í ṣe táyà."

Ọjọ́ Ajé, 17
Àwọn obìnrin àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lọ sígbó. Nyaruot ló ṣáájú, àáké léjìká. Mo gun òkìtì etí àgọ́: eruku ọkọ̀ kọjá afárá, kò yí padà. Ìyá Àgbà ń pè mí láti ìsàlẹ̀ — ṣé wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀? Igi ò jẹ́ kí n rí i. Mo ń gbọ́ orin wa, ohùn ọkùnrin wà nínú rẹ̀. Bóyá orí ìrìn ni wọ́n ti ń kọ ọ́, bóyá ojú fèrèsé ni, n ò lè sọ, àfi tí Nyaruot bá dé.