Ọ̀rọ̀ Kan Náà Lórí Ìwé Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé ìmọ̀ràn yìí, ẹ gbà mí o. Mi ò fi ẹnu mi pa irọ́ kankan... orí ni mo mì. Àmọ́ orí tí mo mì yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè pa ọmọ tí wọn ò tíì bí.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe nílùú Libreville, ní Gabon. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, dókítà Faransé kan tó ń wádìí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló mú mi wá síbí, kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀ là ń wá. Bí ẹ bá fi awò ńlá wò ó, róbótó-róbótó ni ẹ̀jẹ̀ èèyàn rí, ṣùgbọ́n ti àwọn kan wà, bí mo bá kán oògùn sí i, tí mo fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó, tí mo fi fasilíìnì dí etí rẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bíi dòjé. Ẹni tó gbà á lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, kì í sábà ṣe é ní nǹkan, á jẹ, á mu, á ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, háà... mo ti rí wọn ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìka ọwọ́ rẹ̀ wú, tí gbogbo egungun ń ro ó, tó ń sunkún títí ohùn fi há. Wọ́n á lọ sílé, wọ́n á tún padà wá, títí ọjọ́ kan tí ẹ ò ní rí wọn mọ́. Àwọn tí à ń pè ní àbíkú nílé, ṣé ó ti ń yé yín?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Yàrá kan ni mo gbà ní àdúgbò Lalala. Níbi iṣẹ́, Músíò ni wọ́n ń pè mí, bí a ṣe ń pe Ọ̀gbẹ́ni nílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Faransé ni wọ́n fi ń wàásù, ìgbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ṣe àmín lèmi náà ń ṣe é. Láràárọ̀ mo máa ń gún ìka ara mi, torí ẹ̀jẹ̀ tèmi kì í tẹ̀, òun la fi ń wé ti àwọn yòókù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, ẹ̀jẹ̀ mi yẹn nìkan ni ará ilé tí mo rí.

Àfi ọjọ́ Àìkú. Bàbá Aláṣọ, Mùsùlùmí ará ilẹ̀ wa tó ń ta aṣọ lọ́jà, ilé rẹ̀ ni mò ń gbà lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi oríkì kí mi lẹ́nu ọ̀nà, oríkì tó jẹ́ pé ìyá tó bí mi nìkan ló ń pè é. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pè é, mo ṣe bí ẹni ń tú okùn bàtà, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Nígbà tí ọ̀gá mi ní òun fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Nàìjíríà wò, Bàbá kó gbogbo ilé wá nítorí tèmi. Ọmọ wọn obìnrin wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ràbí, àti Gàníyù, télọ̀ tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì tẹ̀. Mo tún un ṣe. Mo ní bóyá oògùn ló ti bàjẹ́, mo gún ara mi, tèmi ò tẹ̀. Ọ̀gá kọ èsì fún kálukú lórí ìwé pélébé, ó ní kí n ṣàlàyé fún àwọn èèyàn mi ní èdè wa.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí Ìyá ti gbé mọ́ínmọ́ín gbígbóná síwájú mi, mo bù ú sẹ́nu, ni Bàbá bá kó àwọn ìwé náà jáde. Kò gbọ́ ìwé Faransé, ṣùgbọ́n ojú aláṣọ ni ojú rẹ̀, ó mọ ìgbà tí méjì bá bára mu. Ó tẹ́ ìwé Ràbí àti ti Gàníyù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni dókítà kọ fún àwọn méjèèjì. Ràbí tó lọ iléèwé níbí kà á sókè, "Positif, Bàbá! C'est bon, ça!" ó ní ó dára nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ ni ọ̀gá mi ń pè ní positif. Bàbá ní Alihamudulilah, Ọlọ́run ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ọ̀kan. Ó wá kọjú sí mi: "Dókítà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Mọ́ínmọ́ín ń jó mi láhọ́n... gbogbo wọn ń wò mí, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín... mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Tèmi ò tiẹ̀ dé ohùn. Mo ní tí mo bá gbé e mì n óò ṣàlàyé. Mo gbé e mì. Ìyá tún bù sí i fún mi. Mi ò ṣàlàyé. Bàbá ti mú ìwé méjèèjì lọ fi han àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ti dá ọjọ́ yìgì, ẹ̀yìn Iléyá ni.

Kí ló dé tí mi ò tíì sọ ọ́? Mo máa ń sọ fún ara mi pé torí pé mi ò fẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn tì mọ́ mi ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ìyá ti dápàárá rí pé bí mo bá ń kírun ni, ọ̀dọ̀ òun ni ǹ bá ti fẹ́yàwó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Ràbí náà rẹ́rìn-ín... èmi ò tíì rẹ́rìn-ín tèmi tán títí di òní. Ẹ̀jẹ̀ mi kì í tẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Bí mo bá sọ pé kí Ràbí fẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ̀, ta ló jókòó sí pálọ̀ náà? Wọ́n á ní mo fi awò àwọn òyìnbó gba ìyàwó oníyàwó. Ṣé irọ́ ni wọ́n á pa? Ṣé torí ọmọ yẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, àbí torí ara mi? Mi ò mọ̀ mọ́, mo búra.

Mo lọ bá Gàníyù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́rú, mo ní òun ni n óò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Kí n tó la ẹnu, ó ti na téèpù sí mi láyà, ó ní aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ yìgì lòun ń wọ̀n, torí àárín ẹbí ni mo máa jókòó sí. Mo dúró, ó wọ̀n mí tán, mo dúpẹ́, mo lọ.

Ẹni tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn kí Iléyá tó dé. Ẹ má fi sí àpò ìwé fún mi, inú ìwé ìròyìn yìí náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Inú ẹrù aṣọ Bàbá ló máa ń bá dé ọ̀dọ̀ wa, èmi sì ni mò ń kà á sókè fún gbogbo ilé lọ́jọ́ Àìkú. Ojú ìwé yín yìí ni Ìyá fẹ́ràn jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ dá àwọn tó kọ̀wé lóhùn, á ní onítọ̀hún ì bá ti sọ̀rọ̀. Tí mo bá ṣí i tí mo rí lẹ́tà tèmi níbẹ̀, tí wọ́n sì ń wò mí lẹ́nu... kí n kà á, àbí kí n fò ó?