Gàrí tí Mo Rà ní Ìfọ̀nyìn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Bélú, 2025

Mo dé. Láti Ìdí-Ìrókò mo sọdá ẹnubodè sí Ìgòlò, ọlọ́kadà kan — sẹmijan ni wọ́n ń pè é níbí — gbé èmi àti báàgì méjì wá sí Ìfọ̀nyìn. Ifangni ni wọ́n kọ sára pátákó. Ilẹ̀ pupa, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ kú àbọ̀, Ìyá." Ó ku díẹ̀ kí n sunkún.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi gbẹ̀bí ní Ìkirè. Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, ilé sì dákẹ́ jù láti ìgbà tí Bàbá Ṣọlá ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ̀ǹda ara mi fún iṣẹ́ ìlera oṣù mẹ́ta níbí. Ọ̀dọ̀ Thérèse ni mo dé sí, opó bíi tèmi, tó ń ṣe epo pupa.

Ìṣẹ́gun, 4

Sẹ́ńtà ìlera. Anicet ni nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún. Faransé ni gbogbo ìwé wọn. Èmi tí mo gbẹ̀bí ìyá, tí mo tún gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀, mi ò lè ka káàdì aláboyún kan! Bí mo bá ti ń yára, Anicet á ní, "Doucement, Màmá" — pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Mo ti sọ ọ́ ní Dúsúmáà. Ó ní kí n máa wọn tánsíọ̀n, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Faridatou wá, ọmọbìnrin kan tó ń ta gàrí lọ́jà. Híjáàbù rẹ̀ fẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé oyún oṣù márùn-ún wà lábẹ́ rẹ̀. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí. Tánsíọ̀n rẹ̀ ga. Dúsúmáà kọ oògùn fún un, mo ní kó padà wá ní Mọ́ńdè. Ó di ọwọ́ mi mú kó tó lọ. Inú mi dùn — mo ṣì wúlò.

Àbámẹ́ta, 8

Ẹnu mi yìí. Rédíò ni Bàbá Ṣọlá ń pè mí, kò sì parọ́.

Mo rí Faridatou lọ́jà tó ń gbé àpò gàrí. Kí n tó ronú, mo ti lọgun láti òdìkejì: "Faridatou, gbé e sílẹ̀! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ipò tó o wà nìyẹn?" Obìnrin bíi mẹ́wàá wo ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ àpò kalẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ní Ìkirè náà, a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ, pàápàá ti ẹni tó ti pàdánù rí. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é. Ojú ń tì mí.

Ajé, 10

Faridatou kò wá.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo ti wọ bàtà láti lọ bá a nílé. Thérèse ní kí n jókòó. Ó ní òun ti ń sọ fún àwọn ará ọjà pé ẹ̀yìn ló ń dun Faridatou, pé ohun tí mo ń wí nìyẹn, àwọn kan sì ti gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i ní sẹ́ńtà, tàbí tí wọ́n rí mi nílé rẹ̀, gbogbo wọn á mọ̀. Ìdí tí kò fi wá nìyẹn. Mo ní tánsíọ̀n yẹn lè pa á, tìyá tọmọ. Thérèse ní, "Bon, ó dáa. Gàrí ló ń tà. Ẹ lọ ra gàrí. Kí ẹ má sọ nǹkan kan."

Èmi, kí n má sọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ra gàrí. Ó wọ̀n ọ́n, ó dà á sínú ọ̀rá, kò gbójú sókè. Ẹ̀rọ tánsíọ̀n wà nísàlẹ̀ báàgì mi. Ibẹ̀ náà ló wà títí mo fi délé.

Àbámẹ́ta, 15

Gàrí.

Ajé, 17

Gàrí. Kò sí abọ́ òfìfo mọ́ nílé Thérèse. A ń mu ún láàárọ̀, a ń tẹ ẹ̀bà lálẹ́. Mo gbé díẹ̀ fún Dúsúmáà, ó bi mí bóyá ìyàn ń bọ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹtì, 21

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Okùn bàtà ti rì sínú ẹran. Ó ń fọwọ́ tẹ iwájú orí. Mo mọ ohun tí mo ń wò. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa pàǹtí kúrò nínú gàrí fún bíi wákàtí kan, mo pa ẹnu mọ́. Kò sí iṣẹ́ tó le tó o rí láyé mi. Nígbà tí mo dìde ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mo sọ fún Dúsúmáà. Ó ní bó bá di ọ̀la tí kò wá, òun á lọ gbé e nílé, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó gbọ́. Òótọ́ ló wí. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí nǹkan bá ṣe é, ẹnu mi ló fà á.

Àbámẹ́ta, 22

Mo tètè dé ìdí gàrí. Kí n tó kí i tán, Faridatou fa àpótí sẹ́yìn àwọn àpò, ó ní kí n jókòó. Ó jókòó tì mí, ó tẹ́ etí híjáàbù rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó na apá sábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè."

Mo wọ̀n ọ́n lábẹ́ aṣọ, mo ń wo gàrí bí ẹni tó fẹ́ nájà. Mo tún un wọ̀n. Kò béèrè iye rẹ̀, ó ti rí ojú mi. Mo rọra ní a gbọ́dọ̀ lọ nísinsìnyí. Ó wo àwọn obìnrin tó jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ títí dé ọ̀nà sẹ́ńtà, omi lé ròrò sí i lójú.

Mo ní kó bu gàrí kún abọ́ ńlá kan fún mi.

Mo gbé e rù, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ń tẹ̀lé mi bí ẹni tó ń sin oníbàárà dé ilé. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní ẹ wo Ìyá Nàìjíríà, ó tún ti ra gàrí. Ẹnìkan bi mí bóyá mo fẹ́ ra tìlú tán ni. Gàrí ń dà sí mi lọ́rùn, gbogbo ojú wà lára mi, kò sẹ́ni tó wo Faridatou. Mi ò fún wọn lésì kankan.

Ó ń sùn báyìí lórí bẹ́ẹ̀dì sẹ́ńtà. Tánsíọ̀n ti wálẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ń mira. Dúsúmáà ní kó má tíì lọ sílé. Mo jókòó tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, gàrí ni mo lọ rà.