Àwọn Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Yà Sínú Ẹ̀dọ̀

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Fẹ́búárì 1986
Ó tàn. Mo la eku náà, mo gbé kókó jẹjẹrẹ itan rẹ̀ sábẹ́ iná búlúù, ó ń tàn yòò. Ìlẹ̀kẹ̀ mi débẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè wọ́n — wóró rọ́bà tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Mo kó àró àti oògùn sí wọn nínú, mo lẹ ohun tó dá jẹjẹrẹ mọ̀ mọ́ wọn lára. Àró kí a lè rí àìsàn náà, oògùn kí a lè pa á. Eku kan ṣoṣo ni o. Ni mo bá lọ sọ ọ́ fún Bàbá nídìí oúnjẹ alẹ́. Ọ̀mùgọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Máàṣì
Bàbá Ìkéde — bàbá tó bí mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì — gbé mi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpẹ̀rú. Láì bi mí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Gbogbo ìjọ hó. A jó dé iwájú pẹpẹ. Èmi náà jó. Kí ni ǹ bá ṣe? Ìyá kan ń fọwọ́ pa aṣọ mi, bóyá oògùn á ràn án. Eku nìkan ni wọn kò pè síwájú, òun tó kú sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì
Mo la àwọn eku yòókù. Ẹ̀dọ̀ ló ń tàn. Ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ mi wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n rí ẹ̀dọ̀, wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n jókòó. Jẹjẹrẹ wà nítan, kò rí àlejò kankan. Ti ọjọ́sí, oríire lásán ni. Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà Ṣìkẹ́mi.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì
NEPA mú iná lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ inú fíríìjì ti dì bí ògì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì
Àǹtí Bánkẹ́, àbúrò Bàbá tó ń ta obì ní Ṣàgámù, wọ́n wà níbi ìdúpẹ́ náà. Kókó ti wà lọ́mú wọn láti ìgbà Kérésì, n kò gbọ́ rárá. Bàbá ròyìn rẹ̀ fún mi lónìí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Dókítà Akínbọ́lá ti ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Àǹtí kò lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó fi ọ̀bẹ rẹ̀ pamọ́, ọmọ àwọn ti ṣe oògùn.

Mo ní kò sí oògùn, ẹ̀dọ̀ eku ló wà. Mo ní kí Bàbá padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọ, kí Àǹtí náà lè gbọ́. Bàbá fèsì:

"A ti jó dé iwájú pẹpẹ, Ṣìkẹ́mi. Ṣé ká wá jó padà sẹ́yìn ni?"

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàṣì
Mo lọ bá Fíkà, àlùfáà ìjọ wa. Wọ́n ní àdúrà wà nínú ìwé fún òjò, fún ogun, fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò sí fún ìdúpẹ́ tí a fẹ́ gbà padà. Wọ́n ní kí n ní ìgbàgbọ́. Nínú ẹ̀dọ̀ eku, àbí nínú kí ni?

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì
Mo gba Ṣàgámù lọ fúnra mi. Àǹtí wà láàárín apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa obì, wọ́n ń pààrọ̀ ewé rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò dáwọ́ dúró.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo rí ojú ẹ lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń jó. Ojú ẹni tó rí oògùn kọ́ nìyẹn."

Mo ní kí ló dé tí wọn kò wá lọ?

"Bí mo bá ní ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí, wọ́n á pè mí lójo. Bí mo bá ní oògùn ọmọ mi ni mò ń dúró dè, wọ́n á ní mo nígbàgbọ́. Èwo ni ìwọ ì bá mú?"

Mo kàn ń sunkún. Wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn, kí omi má ba obì àwọn jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní bí mo bá máa bá àwọn lọ, àwọn á lọ.

Ọjọ́rú, 26 Máàṣì
Wọ́n ti gé ọmú Àǹtí. Dókítà Akínbọ́lá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: jẹjẹrẹ náà ti dé abíyá. Mo bi í bóyá ìdádúró yẹn ló fà á. Ó ní òun kò lè sọ. Ì bá kàn purọ́ fún mi.

Àǹtí jí nírọ̀lẹ́. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo gan-an ni oògùn tèmi máa tó jinná. N kò lè tún jó irú ijó yẹn. Mo ní ó lè tó ogún ọdún. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró.

Lọ́la ni màá sọ ti abíyá fún wọn. Mo ti ní kí dókítà fi í sílẹ̀ fún mi.