Ọ̀nà Tí Kò Lọ Sóko

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 1978.

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Èkó, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí etí wa gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́ nípa yín. Bàbá yín wà dáadáa, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn náà wà dáadáa, ewúrẹ́ yín sì ti bí ìbejì.

Ẹ má bínú pé Akọ̀wé ni mo ń pè yín. Ìyá ni wọ́n ní kí n máa jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí yín sínú ilé yìí kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ọkọ lẹ jẹ́ fún mi, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ yín. Èyí tó wà lára àpòòwé, tíṣà Olúbùnmi ló bá mi kọ ọ́.

Bàbá yín ní kí n lọ fi tẹlifóònù bá yín sọ̀rọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo lọ títí dé ẹnu ọ̀nà, mo wá rí i pé orí òrùlé àwọn ènìyàn ni wáyà rẹ̀ gbà kọjá, mo bá padà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí gbogbo àdúgbò á máa gbọ́ láti orí àjà wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà orí òkè ni, èyí tó gba ẹ̀yìn ilé wa, tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ gbafẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo dé láti Ìjan, mo béèrè pé oko ta ni ó lọ, wọ́n ní kò lọ sóko. Mo ní ṣé odò ni, wọ́n ní kò sí odò, pé ènìyàn kàn ń gòkè, á jókòó lórí àpáta, á wo ìlú, á sọ̀kalẹ̀. Ẹnu yà mí, torí ní Ìjan, ọ̀nà tí kò bá lọ síbì kan, koríko ló ni ín. Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé màmá yín, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn, ló máa ń ro ọ̀nà náà láìgba kọ́bọ̀, pé wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ ju oko àti ọjà lọ kò tíì rí ìlú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú nínú ààwẹ̀ èṣí, kò sí ẹni tó fi ọkọ́ kàn án. Bàbá yín kì í tilẹ̀ wo apá ibẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ wá gbẹ́ ojú ọ̀nà náà, Ìyá Olúgbádé yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Làwọn àgbà bá ní bí kò bá sí ẹni tó máa tún un ṣe kí òjò tó wọlé tán, àwọn á fi ẹ̀gún dí i, àwọn á sì gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Tíṣà Olúbùnmi ní kò ní rí bẹ́ẹ̀, wọ́n dá kọmití sílẹ̀, wọ́n ń wá fọ́lọ́ntíà. Mo bi wọ́n pé aṣọ wo ni fọ́lọ́ntíà ń wọ̀, ọ̀pá mélòó ni kí n rà. Wọ́n ní aṣọ oko náà ni, pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tí a kò bẹ̀ ẹ́, tí a kò sì sanwó fún un, òun ni fọ́lọ́ntíà. Mo ní lọ́dọ̀ wa, àna ẹni nìkan là ń ṣe irú rẹ̀ fún. Lọ́jọ́ kejì mo rí ọ̀dà pupa lára àwọn òkúta, mo sáré lọ sọ fún bàbá yín pé ìjọba ti sàmì sí òkè, wọ́n fẹ́ wó o. Àṣé tíṣà ló kùn ún, kí àlejò má bàa ṣìnà.

Mo gbé ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìyáalé mi, Ìyá Fọláṣadé, rí mi. Wọ́n ní ẹní màmá yín ti di tèmi, ààrò wọn ti di tèmi, ṣé ipasẹ̀ òkú náà ni mo tún fẹ́ gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, bàbá yín bá mi lẹ́yìn ilé, mo kàn dúró, mò ń wo ọ̀nà náà. Wọ́n wọlé lọ mú àdá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán an, èmi náà bá tẹ̀ lé wọn. A ṣe é títí dé àpáta kìn-ín-ní. Wọ́n jókòó, wọ́n wo ìlú títí, wọ́n ní òrùlé ṣọ́ọ̀bù àwọn nìyẹn, pé orí àpáta yìí ni màmá yín ti kọ́kọ́ fi í hàn àwọn. Wọ́n pe oríkì màmá yín. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí láti ìgbà tí mo ti wọlé. Omi sì ń bọ́ lójú wọn, mo bá kọjú sápá ibòmíràn.

Ẹ̀yin lẹ ni màmá yín, torí náà ẹ̀yin ni mò ń bi. Bí ẹ bá ní kí n má ro ọ̀nà náà mọ́, n kò ní ro ó, n kò sì ní bínú. Bí ẹ bá gbà fún mi, ọkọ́ bàbá yín wúwo jù fún mi, ọkọ́ kékeré tí màmá yín ń lò sì wà nínú yàrá wọn tí ẹ tì, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí owó bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá kọmití wá sìmẹ́ńtì díẹ̀ fún ibi tí omi gbẹ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ yín, á máa ṣọ́ àbọ̀ yín, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ náà rán onímọ́tò. Wọ́n ní ọ́fíìsì yín á tì nígbà Àjíǹde. Ẹ mú un wá fúnra yín, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé ọkọ́ náà lé mi lọ́wọ́, kí Ìyá Fọláṣadé wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Mọ̀dínátù, ìyàwó bàbá yín.