Oògùn Ọmọ Mi Nínú Fírísà Ìyá Ọkọ Mi

Àǹtí Morádéyọ̀, mo kí ẹ̀yin àti gbogbo olùgbọ́ ètò yín lórí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Bẹyẹrúnkà ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ tàn ká agboolé wa.

Bí ọmọkùnrin mi bá fara pa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí mo ṣe máa gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá nílé. Wọ́n ní kí oògùn náà wà nínú fíríìjì, àmọ́ kò gbọdọ̀ di yìnyín.

Dókítà ní ara mi ni àìsàn náà ti wá, ni ọkọ mi bá ní kí n má sọ fún ìyá òun. Mo purọ́ pé oògùn tèmi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá ní, "Ìyàwó, mo ti bá ẹ gbé oògùn ẹ sínú fírísà tí mo fi ń ṣe yìnyín tà. Iná ò dúró, kó má baà bàjẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sáré lọ ṣí fírísà náà. Oògùn ti dì gbagidi. Ọsibítù ní a ò gbọdọ̀ lò ó mọ́, wọ́n fún wa ní òmíràn.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí mo bá lọ sí Ọjà'ba, Ìyá ló ń bá mi mójú tó ọmọ náà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún wọn, kí wọ́n wá ní mo kó àìsàn wọlé? Wọ́n fẹ́ràn ọmọ yìí gan-an. Bó bá ṣubú lónìí, wọ́n á pọ̀n ọ́n, wọ́n á rẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa retí mi.